Dígí Màmá Àwọ̀

Ọwọ́ ni Màmá Àwọ̀ fi mọ̀ pé wọ́n ti ja òun lólè.

Iwájú ìgbìmọ̀ tí ilé-ìwòsàn àwọn ọmọdé rán wá ló ti ṣẹlẹ̀. Ó gbé dígí náà dúró lórí tábìlì, ó tan gílóòbù ńlá kan sẹ́yìn rẹ̀, ó wá na àtẹ́lẹwọ́ síwájú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tó ti ṣèlérí fún wọn ni pé ooru gílóòbù yóò kọ́kọ́ kọjá, ṣùgbọ́n bí dígí bá ti gbóná dé ìwọ̀n kan, yóò tilẹ̀kùn mọ́ ooru, ìmọ́lẹ̀ ni yóò ṣì máa wọlé. Irú dígí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi sí fèrèsé yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé kí wọ́n tó bí wọn, yàrá tí oòrùn ọ̀sán ń sọ di ààrò. Ìgbìmọ̀ na ọrùn bí agúfọn. Wọ́n dúró, dúró, dúró. Ooru ò yé kọjá. Ẹ̀rín kú ní ẹnu Màmá Àwọ̀.

"Èyí kì í ṣe dígí mi," ni ó wí. "Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀."

Alága ìgbìmọ̀ náà fi ìwé bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. "Àbí kò ṣiṣẹ́ rí ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

Gbólóhùn yẹn ló dùn ún ju olè lọ. Wọ́n ní àwọn yóò padà wá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Bí dígí tòótọ́ ò bá sí nílẹ̀, kí wọ́n ti ilé ìwádìí Màmá Àwọ̀ pa, kí ìyá àgbà lọ sinmi nílé. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti ọlọ́pàá nìyẹn.

Sájẹ́ǹtì tó tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ wá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ débi pé irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó ti bá ọ̀gá púpọ̀ ṣiṣẹ́: èyí tó ń jágbe, èyí tó ń sùn, èyí tó jẹ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ kò lọ́nà ló ń mú. Ṣùgbọ́n obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ báyìí yàtọ̀. Àbúrò rẹ̀ pátápátá ni lọ́jọ́ orí, síbẹ̀, bó bá ti ń ronú, ńṣe ni Sájẹ́ǹtì máa ń rọra mí, bí ẹni tó dúró ti ẹni tó ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Wòótún ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí pé bí gbogbo ayé bá wo nǹkan tán, tí wọ́n ní ó ti parí, òun á ní, "Ẹ jẹ́ ká wò ó tún."

Yàrá ìwádìí náà mọ́ tónítóní. Lórí pẹpẹ kan, ìgò kéékèèké tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, omi inú wọn dán bí ìlẹ̀kẹ̀: yẹ́lò, àwọ̀ ewé, búlúù, àlùkò. Irin kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo wọn, irin tí wọ́n ń pè ní fanádíọ́mù. Nítorí pé irin náà ń pààrọ̀ àwọ̀ bí aṣọ báyìí ni wọ́n ṣe ń pe ọ̀jọ̀gbọ́n tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ nípa rẹ̀ ní Màmá Àwọ̀.

"Ẹ ṣàlàyé dígí yìí fún mi, Ma," ni Wòótún wí. "Ẹ ṣe é bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ ilé-ìwé." Bó ti ń sọ̀rọ̀, ó ń gbé àwọn ìgò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó sì ń dá wọn padà sórí pẹpẹ.

Ojú ìyá náà tàn. "Ṣé ẹ mọ bí irin ṣe máa ń dógùn-ún tí afẹ́fẹ́ bá ń bà á? Fanádíọ́mù náà ń gba ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ṣùgbọ́n iye tó bá gbà ló ń sọ irú ẹni tó máa dà. Ìyẹ̀fun funfun kan la fi ń bẹ̀rẹ̀. A ó yan án nínú afẹ́fẹ́, á rùn bí ìtọ̀ tó ti pẹ́, á wá di yẹ́lò. Ọ́síjìn ti yó o bámúbámú nìyẹn. Ó máa ń to ara rẹ̀ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, bíi páànù tí wọ́n kó léra wọn. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òtútù àti ooru."

"Dígí yín ńkọ́?"

"Ó kù síbẹ̀, ọmọ mi. A ó yọ́ yẹ́lò yẹn, a ó fi kun dígí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a ó wá gbé e padà sínú ìléru. Lọ́tẹ̀ yìí, a ó lé afẹ́fẹ́ jáde, gáàsì tí kò ní ọ́síjìn nínú nìkan ni a ó fi yí i ká, kí díẹ̀ lára ọ́síjìn tó jẹ lè jáde lára rẹ̀. Tó bá jáde níwọ̀n, á di búráùn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìyanu wà! Nígbà òtútù, àwọn ẹyọ fanádíọ́mù inú rẹ̀ á so ọwọ́ pọ̀ ní méjì méjì bíi tọkọtaya, wọn ò ní jẹ́ kí ohunkóhun rìn láàárín wọn. Tó bá gbóná, wọ́n á jáwọ́, wọ́n á tò gbọọrọ, gbogbo ara rẹ̀ á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, á máa hùwà bí irin dídán, á sì máa ta ooru padà síbi tó ti wá. Ooru tó ń mú kó ṣe bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù fún fèrèsé, ni mo bá fi irin mìíràn sí i fún un, bíńtín, bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀, títí ìwà náà fi wálẹ̀ dé ibi oòrùn ọ̀sán."

Sájẹ́ǹtì la ẹnu sílẹ̀. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti ń wo fèrèsé, kò mọ̀ pé ẹnìkan lè kọ́ fèrèsé lọ́gbọ́n.

Dígí tó dá wàhálà sílẹ̀ wà lórí tábìlì, kò tóbi ju àwo ìgbóúnjẹ lọ. Ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù funfun gún régé wọlé, ó kí wọn. Igbákejì Màmá Àwọ̀ ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ti kú. Màmá Àwọ̀ ló tọ́ ọ láti kékeré, òun ló kọ́ ọ níṣẹ́ yìí títí tó fi gboyè ọ̀mọ̀wé.

"Ọmọ mi," ni ìyá náà bi í, "tún bá mi wò ó. Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

Igbákejì bẹ̀rẹ̀ mọ́ dígí náà. "Kò yàtọ̀, Màmá. Búráùn ni, bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, àwọ̀ kan náà ni wọ́n fi kùn ún."

Lójú Sájẹ́ǹtì, pupa ẹyin tí wọ́n po mọ́ omi ló jọ ju tíì lọ. Ṣùgbọ́n ta ni òun tí yóò bá ọ̀mọ̀wé jiyàn àwọ̀?

Nígbà tí Igbákejì jáde, Wòótún yíjú sí ìyá náà. "Ẹ jọ̀ọ́ Ma, ẹ bá mi mú ìgò àwọ̀ ewé yẹn."

Màmá Àwọ̀ na ọwọ́ sí pẹpẹ, ó fi ìka ka àwọn ìgò náà láti ọwọ́ òsì, ó mú èkejì, ó gbé e fún un. "Òun nìyí."

Búlúù ni. Sájẹ́ǹtì fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀gá rẹ̀ fi ojú pa á lẹ́nu mọ́.

"Ma," ni Wòótún wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ má bínú sí mi. Mo ti pa ààyè àwọn ìgò yìí dà nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀. Láti ìgbà wo ni ojú ti ń yọ yín lẹ́nu?"

Ìyá náà wá àga, ó jókòó. "Nǹkan bí èéfín ló bo ẹyinjú méjèèjì. Mo ń rí ìrísí nǹkan, àwọ̀ ni mi ò rí mọ́. Ẹ wo bó ṣe rí: Màmá Àwọ̀ tí kò mọ àwọ̀! Àbúrò mi tó ń gé dígí mọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà mọ̀. Òun ni ojú mi nílé ìwádìí yìí. Ẹ má sọ fún ìgbìmọ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló wà fún yàrá náà, kò sí ilẹ̀kùn tí wọ́n fọ́. Màmá Àwọ̀ ní ọ̀kan, Igbákejì ní ọ̀kan, ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ Bàbá Oníléru, ọkùnrin tó ń lọ ìyẹ̀fun kúnná tó sì ń tọ́jú ìléru. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè.

"Bàbá, ta ló wọ ibí láàárín ọjọ́ Ẹtì sí òní Ajé?"

"Èmi ò mọ̀ o, ọmọ mi. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni mo wà. Ẹ bi í, ọwọ́ mi ni ọmọ tuntun náà wà tí kò jẹ́ kí n sùn." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó ń wú u títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Sájẹ́ǹtì ti rí nǹkan tó mú un fò dìde. "Ọ̀gá! Ahọ́n rẹ̀! Ẹ wo ahọ́n rẹ̀!"

"Kí ni ahọ́n mi ṣe?" Bàbá náà yọ ọ́ síta. Ó rí bí ewé. Kì í ṣe bí ahọ́n ẹni tó lá súwíìtì o. Àwọ̀ ewé náà ti wọ inú ẹran ahọ́n lọ.

"Fanádíọ́mù ni!" ni Sájẹ́ǹtì wí, ó ti ń wá ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. "Ó ti jí i, ó ti fi pamọ́, ó sì ti ràn mọ́ ọn lára. Ọ̀rọ̀ ti yanjú."

"Bàbá Sájẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ ká wò ó tún," ni Wòótún dá a lóhùn. "Ṣé ẹ rò pé ó lá dígí náà ni? Ara dígí kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú. Ìyẹ̀fun fanádíọ́mù ni èèyàn ń fà símú, òun ló ń sọ ahọ́n di àwọ̀ ewé." Ó kọjú sí Bàbá Oníléru. "Ìbòmú yín dà?"

Bàbá náà wo ilẹ̀. "Ó ń mú mi láàgùn."

"Ahọ́n yín kò sọ pé ẹ jalè. Ohun tó sọ ni pé ẹ ń ṣiṣẹ́ níbí láì bo imú, ìyẹn ò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró yín. Ilé-ìwòsàn lẹ ń lọ, kì í ṣe àtìmọ́lé."

Ojú ti Sájẹ́ǹtì, inú rẹ̀ sì tún dùn. Ọ̀gá mìíràn ìbá ti kó bàbá yìí sínú ọkọ̀, kó máa wúkọ́ lọ nínú àtìmọ́lé.

Nígbà tí wọ́n ń sìn ín lọ sẹ́nu ọ̀nà, bàbá náà yíjú padà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún ológbò lóúnjẹ. Orí ìléru lẹ máa bá a. Ibẹ̀ ló nà sí gbalaja nígbà tí mo dé láàárọ̀."

Wòótún dúró gbọnrangandan. "Ṣé ibẹ̀ ló máa ń sùn ní òwúrọ̀ Ajé gbogbo?"

"Rárá o. Ojú fèrèsé ni. Láti ọjọ́ Ẹtì la ti máa ń pa ìléru. Tó bá fi máa di Ajé, ó ti tutù bí òkúta. Ológbò kì í sùn sórí òkúta tútù. Ó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò ń bọ̀, iṣẹ́ pọ̀."

Ọ̀gá Sájẹ́ǹtì yíjú sí ìléru. Sájẹ́ǹtì mọ ojú yẹn. Ọdẹ tó ti gbọ́ kí igi ṣẹ́ nínú igbó ló ń wo báyẹn.

Igbákejì kò ṣòro bá sọ̀rọ̀. Ó fún wọn ní àga, ó fún wọn lómi. Ó ní ilé lòun wà lọ́jọ́ Àìkú látàárọ̀ títí di alẹ́, kò sì sẹ́ni tó wọ yàrá ìwádìí lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì.

"Ta lẹ wá fura sí, Ọ̀mọ̀wé?"

Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò fẹ́ máa tú ọ̀rọ̀ ẹbí síta, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n òdodo ò ṣeé bò. Bọ̀dá Onídígí, àbúrò Màmá. Òun ló gé dígí yẹn. Bó bá fẹ́ gé èyí tó jọ ọ́, kí ló máa dí i lọ́wọ́? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi etí mi gbọ́ ọ tó ń pariwo mọ́ Màmá nínú ọ́fíìsì pé, 'N ó fọ́ dígí yẹn! Mo búra!'"

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Màmá. Ta ni kì í fi àpò sílẹ̀ níwájú àbúrò ẹni?"

Ó dùn létí. Ó tilẹ̀ dùn jù, ni Sájẹ́ǹtì rò nínú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ìdí.

Nínú ṣọ́ọ̀bù Onídígí, dígí gbára ti ògiri yí ká, àwòrán ẹni ń bá ẹni pàdé níbi gbogbo. Ọkùnrin sígbọnlẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá kéékèèké. Ó gbọ́ ìbéèrè wọn, ó sì bú jáde.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní n ó fọ́ ọ! Kí ni kí n ṣe? Ẹ̀gbọ́n mi ń fọ́jú lọ! Dókítà ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, kó wá, kó wá. Ó ní ìgbà tí dígí bá parí. Ó parí, ó tún ní ìgbà tí ìgbìmọ̀ bá wò ó. Mo ní bó bá jẹ́ dígí ló ń dí i lọ́nà, n ó là á mọ́lẹ̀, kí gbogbo wa lè sinmi!" Ó nu ojú nù. "Ṣé ẹ rò pé mo lè ṣe é ni? Iṣẹ́ yẹn ni gbogbo ayé rẹ̀. Ẹ wò ó, mo so àjákù rẹ̀ rọ̀ síbẹ̀ yẹn, mo fi ń ṣe fáàrí fún àwọn oníbàárà mi."

Ó nàka sí fèrèsé. Ọ̀já dígí tẹ́ẹ́rẹ́ kan rọ̀ níbẹ̀, oòrùn ń gba inú rẹ̀ wọlé. Búráùn ni. Bíi tíì tí kò ní mílíìkì gẹ́lẹ́.

"Níbo lẹ ti rí ìyẹn?" ni Wòótún béèrè wéré.

"Ara dígí náà ni. Lẹ́yìn tí wọ́n yan án tán, ó fi díẹ̀ fẹ̀ ju férémù lọ, mo gé etí rẹ̀ kúrò. Ọwọ́ mi tilẹ̀ yẹ̀ níbì kan, ó ya bí eyín. Mo tọrọ èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi."

Wòótún tú aṣọ tí wọ́n fi wé dígí tí wọ́n gbé wá láti ilé ìwádìí. Ó tẹ́ ìwé funfun sórí tábìlì, ó gbé dígí náà lé e, ó gba ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ó rọra sún un mọ́ etí rẹ̀. Níbi tí dígí ti yọ eyín, ọ̀já ní kòtò. Eyín wọ kòtò, ó ró *kín*, ó bá a mu bí ìbejì.

Onídígí fi ọwọ́ bo ẹnu. "Àmọ́... ọwọ́ mi nìyẹn! Òun náà ni! Kí ló wá dé tí èyí fi yẹ́lò?"

Sájẹ́ǹtì wo dígí, ó wo ọ̀já. Ọ̀kan yẹ́lò, èkejì búráùn, wọn ò tilẹ̀ jọra mọ́. Ó yíjú sí Wòótún. "Ọ̀gá, wọn ò jí nǹkan kan gbé."

"Rárá, bàbá mi. Gbogbo wa ń wá dígí tó sọnù, òun sì wà lórí tábìlì tó ń wò wá. Wọn ò pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n yí i padà ni." Ó ká aṣọ bo dígí náà. "Ẹ bá wa kálọ, Bọ̀dá. Ẹ mú ọ̀já yẹn dání."

Oòrùn ń lọ sí ìwọ̀ nígbà tí wọ́n péjọ sínú yàrá ìwádìí: Màmá Àwọ̀ nínú àga rẹ̀, àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Igbákejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Wòótún dúró ti ìléru, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ológbò.

"Ológbò yìí ni ẹlẹ́rìí mi àkọ́kọ́," ló wí. "Ó sùn sórí ìléru láàárọ̀ òní, torí náà, ìléru gbóná. Ẹnìkan tan án lọ́jọ́ Àìkú. Màmá, bí èèyàn bá gbé dígí yín sínú ìléru, tó yan án láì lé afẹ́fẹ́ jáde, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

Ìyá náà rọra dáhùn. "Á tún jẹ ọ́síjìn. Á yó. Á padà di yẹ́lò, kò sì ní mọ òtútù yàtọ̀ sí ooru mọ́."

"Ẹlẹ́rìí kejì ni eyín tó wà létí dígí. Ó ní òun gan-an ni dígí yín. Ẹni tó ṣe é kò sì fọ́ ọ. Ìyẹn ló kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó jẹ́ fún mi. Ẹni tó kórìíra nǹkan á là á mọ́lẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lò ó lọ́jọ́ iwájú ló máa ń yan án. Ó mọ̀ pé ó ṣeé dá padà." Ó yíjú sí Sájẹ́ǹtì. "Bàbá Sájẹ́ǹtì, ẹ̀yin tí ẹ ò kàwé nípa irin kankan, àwọ̀ wo ni dígí yìí?"

"Yẹ́lò ni, Ọ̀gá. Ó ti yẹ́lò látàárọ̀. Ọgbọ́n ìwé ló mú mi dákẹ́."

"Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ iṣẹ́ yìí fún ọ̀sẹ̀ kan, tó bá rí yẹ́lò, á pariwo pé, 'Afẹ́fẹ́ ti wọ ìléru!' Ọ̀mọ̀wé kan wò ó lẹ́ẹ̀mejì lónìí, ó ní búráùn ni. Tó bá sọ òtítọ́, Màmá á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe olè, á sì béèrè ẹni tó tan ìléru. Ó ní láti purọ́ nípa àwọ̀, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tó ń purọ́ fún kò lè yẹ̀ ẹ́ wò."

Igbákejì rẹ́rìn-ín ẹ̀yìn eyín. "Ojú lè tan ènìyàn jẹ, ẹ̀gbọ́n mi. Ìmọ́lẹ̀ inú yàrá yìí..."

Màmá Àwọ̀ gbé ọwọ́ sókè. Ó dìde, ó tọ tábìlì wá, ó gbé dígí náà lọ́wọ́ méjèèjì, ó gbé e lọ bá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Èmi ni kóo dá lóhùn, má dá ọlọ́pàá lóhùn. Àwọ̀ wo ni?"

Ọkùnrin náà wo dígí. Ó wo ìyá tó gbé e. Ẹ̀rín náà wó lójú rẹ̀ bí ògiri tí òjò wọ̀ nídìí.

"Yẹ́lò ni, Màmá."

Ìgbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò lè dá a dúró mọ́. Láti ìgbà tí ojú ìyá náà ti ń ṣú, àwọ̀ tí òun bá rí ni ìyá ń kọ, ìwọ̀n tí òun bá wò ni ìyá ń lò, orúkọ ìyá nìkan ló sì ń jáde lórí iṣẹ́ náà. Ó rò pé bí ìgbìmọ̀ bá dá Màmá padà sílé, wọn á gbé yàrá náà lé òun lọ́wọ́, òun á sì tún dígí náà yan, òun á gbé e jáde bíi tòun. Kò rò pé wọ́n á pe ìyá ní òpùrọ́. Kò rò pé ọ̀rọ̀ yóò kan ẹlòmíì, àfi ìgbà tí ọlọ́pàá bi í, tó dárúkọ Onídígí.

"O gbé e lé mi lórí!" ni Onídígí kígbe.

Sájẹ́ǹtì fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí Igbákejì lọ́wọ́, ó mú un jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí kọ́ńsítébù kan dúró tì í.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé dígí padà sínú ìléru. Wòótún ní kí wọ́n mú Igbákejì wá sórí bẹ́ǹṣì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó lọ síwájú adájọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ kù tí yóò fọwọ́ sí. Bàbá Oníléru ṣì wà lọ́dọ̀ dókítà, torí náà, Onídígí ló ń yí ẹnu gáàsì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà gba ojú. Bí ọ́síjìn tó jáde kò bá tó, dígí á wà ní ẹnu ọ̀nà. Bó bá pọ̀ jù, á kọjá ibi tí à ń lọ.

"Bàbá Sájẹ́ǹtì," ni Màmá Àwọ̀ wí, "ẹ̀yin lẹ óò jẹ́ ojú mi."

"Èmi kẹ̀, Ma?"

"Ẹ̀yin tí ẹ rí yẹ́lò. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ihò tó wà lára ìléru yẹn, kí ẹ sì máa sọ fún mi. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ kúrò."

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ níwájú ìléru. Òógùn bò ó. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe rí, kò tíì sí èyí tó dẹ́rù bà á tó báyìí. "Yẹ́lò ni, Ma... Yẹ́lò ṣì ni... Ó ń ṣú díẹ̀. Ó fẹ́ jọ ewé gbígbẹ... Àwọ̀ ewé ni, Ma, ó dúró síbẹ̀... Ó dúró, kò lọ mọ́."

Màmá Àwọ̀ fún etí ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. "Ṣé kí n dúró ni, àbí kí n fi gáàsì kún un?" Ó ń bi ara rẹ̀ ni.

Ohùn kan ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá. "Ẹ má fi kún un, Màmá! Ó máa ń dúró níbẹ̀. Ẹ fi ooru kún un díẹ̀, kí ẹ sì mú sùúrù. Bí etí rẹ̀ bá ti di tíì, kí ẹ pa á."

Gbogbo wọn wo ara wọn. Onídígí mi orí: rárá. Wòótún fi ìpinnu náà sílẹ̀ fún ẹni tó ni í. Ìyá náà dúró, ọwọ́ rẹ̀ lórí ìléru bí ẹni ń fọwọ́ kan iwájú orí aláìsàn.

"Ó purọ́ nípa àwọ̀," ló wí níkẹyìn, "ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́. Ẹ fi ooru kún un."

Wọ́n dúró. Sájẹ́ǹtì kò ṣẹ́jú. Lójijì, ó kígbe: "Tíì! Ma, tíì ni! Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí, ó ti ń wọ àárín! Ẹ pa á, ẹ pa á!"

Lọ́sàn-án, ìgbìmọ̀ padà dé. Màmá Àwọ̀ kò na ọwọ́ tirẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kí alága na ọwọ́ tirẹ̀ síwájú dígí. Wọ́n tan gílóòbù. Alága na ọwọ́ bí ẹni tó ń ṣe àánú. Ooru mú un. Kò pẹ́, ooru náà dáwọ́ dúró. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo gílóòbù tó ṣì ń jó geere, ó tún wo ọwọ́ rẹ̀. Ó pe èkejì rẹ̀ pé kó wá gbé ọwọ́ síbẹ̀. Láìpẹ́, gbogbo ìgbìmọ̀ ń ti ara wọn níwájú dígí bí ọmọ ilé-ìwé níwájú ẹ̀rọ omi, alága náà sì bọ́ fìlà, ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí."

Sájẹ́ǹtì wo ọ̀gá rẹ̀ tó dúró ní kọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn. Ó ń fún ológbò lóúnjẹ.

Nígbà tí wọ́n ń mú Igbákejì lọ sínú ọkọ̀, Màmá Àwọ̀ ní kí wọ́n dúró. Àbúrò rẹ̀ di apá rẹ̀ mú, wọ́n jọ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Mi ò ní i lọ́kàn rí láti kọ orúkọ rẹ sí iṣẹ́ yìí," ló wí fún un. "Ó tọ́ sí ọ, mi ò sì ṣe é. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, n ó tún un ṣe. Èyí tó jẹ́ tìẹ, lọ sọ ọ́ fún adájọ́, má sì fi orúkọ ẹnikẹ́ni bò ó."

Igbákejì kò lè gbé orí sókè. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré débi pé Sájẹ́ǹtì ní láti tẹ̀ síwájú kó tó gbọ́ ọ.

"Màmá, ta ni yóò máa wo àwọ̀ fún yín?"

"Èmi fúnra mi," ni ìyá náà dáhùn. "Mo ti ránṣẹ́ sí dókítà ojú láàárọ̀ yìí. Lọ́jọ́bọ̀ ni n ó lọ."

Onídígí, tó ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ó dúró lójijì lórí àtẹ̀gùn. Ìgbà tó ṣe, ó gbé apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níwájú gbogbo ọlọ́pàá.